Omi Ẹ̀rọ Tí Abúlé Wa Kọ̀ Láti Mu

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan nínú omi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan abúlé ọkọ mi. Ẹ̀yìn Akínyẹlé ni abúlé náà wà, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà pupa ẹlẹ́rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá gbé ọ débẹ̀ lásìkò òjò, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi rìn ju orí ọ̀kadà lọ. Odò wa wà nísàlẹ̀ abúlé. Apá òkè odò la ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe fùfú, ibẹ̀ náà la ti ń fọṣọ, àwọn màlúù sì ń mu níbi tó bá wù wọ́n. Òórùn kíkan yẹn máa ń bá wa délé, ó máa ń wà lára aṣọ, lára irun, kódà lára ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn. Bí mo bá gbé fùfú dé ọjà Ṣáṣá, kí n tó lanu ni àwọn oníbàárà mi ti ń mọ̀ pé mo ti dé. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ó ti di òórùn ilé fún mi, bóyá ìdí nìyẹn tí òórùn kejì tó wá bá wa lọ́dún tí mò ń sọ yìí fi bà mí lẹ́rù.

Òórùn oògùn ni òórùn kejì. Ó jọ ti nǹkan tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, inú ẹ̀rọ omi tuntun tí wọ́n gbẹ́ sí àárín abúlé ló sì ti ń jáde. Àwọn aláàánú kan láti ìgboro Ìbàdàn ló gbẹ́ ẹ, ìjọba ìbílẹ̀ sì yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa bójú tó o. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìbò bá ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀fẹ́ túmọ̀ sí: a óò gba ìrẹsì, a óò gba ankará, a óò dìbò fún ẹni tó bá wù wá. Àmọ́ kò sí ìbò nítòsí lásìkò náà. Nígbà tí ènìyàn bá wá fún ọ ní nǹkan ńlá báyìí tí kò sì béèrè ohunkóhun, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyá ọkọ mi ni olórí àwọn tó ń fura. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ní ìjọ Kérúbù abúlé wa, obìnrin tó ga, tó gbẹ, tí kì í jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, òpin oṣù ló ń wálé, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Màá sọ òótọ́ fún ọ, mi ò mọ̀ bóyá ìyá náà fẹ́ràn mi. Ọmọ tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì máa ń rò pé wọ́n ń wò mí bí àlejò tó pẹ́ jù nílé onílé. Bí mo bá gbá ilẹ̀, wọ́n á tún un gbá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ilé wa wá di ilé ẹni méjì tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni òṣìṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá. Ó wọ bàtà òjò, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Kíá ni àwọn àgbà ti ń pè é ní wolé-wolé. Ó ṣàlàyé títí pé òun kì í ṣe wolé-wolé, pé òṣìṣẹ́ ìlera lòun.

Ìyá bi í pé, "Ṣé o máa wọlé wo ìkòkò omi wa ni àbí o ò ní wò ó?"

Ó ní, "Màá wò ó, mà."

"Kí wá ni ìyàtọ̀?"

Nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé, wolé-wolé kan ti rí tanwíjí nínú ìkòkò omi ìyá wọn, ó fi ọ̀pá fọ́ ìkòkò náà, ó sì tún kó ìyá wọn lọ sí kóòtù. Wọn ò jẹ́ ká gbàgbé ìkòkò yẹn láé. Wọ́n máa ń ṣàpèjúwe bí omi ṣe ṣàn dé abẹ́ ibùsùn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Lójú wọn, gbogbo ẹni tó bá ti ìjọba wá torí omi, ọ̀pá wà lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ẹ̀rọ náà, gbogbo abúlé péjọ. Baálẹ̀ jókòó lórí àga, a sì dúró yí i ká. A ti gbọ́ pé wolé-wolé ti da oògùn sínú kànga ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú láti fi pa kòkòrò inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta sí wa nímú. Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà títí omi fi tú jáde, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Ó bu omi náà sínú ife tuntun, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún baálẹ̀. Títí di ìgbà náà, kò ṣe àṣìṣe kankan.

Baálẹ̀ ò gba ife náà. Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tó bá gbé ohun mímu fún ènìyàn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹlẹ́mu kì í bu ẹmu fún oníbàárà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a rò pé gbogbo ènìyàn ló ń fi májèlé sínú ife, bí a ṣe ń sọ fún ara wa pé ọkàn wa mọ́ ni. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀."

Wolé-wolé wo inú ife náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè mu ún lónìí."

"Lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Màá mu ún lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ omi náà dára, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Baálẹ̀ gba ife náà nígbẹ̀yìn, ó sì rọra da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan wá, ó lá ibi tó rin, kò sì ju ọjọ́ kejì lọ tí a bá ewúrẹ́ náà ní òkú lẹ́yìn ilé tí a ti ń yan gàrí. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ tútù máa ń pa ewúrẹ́, ó ti pa á lójú wa rí láìmọye ìgbà, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò sí ẹni tó fẹ́ rántí èèpo ẹ̀gẹ́. Kó tó dalẹ́, ẹnìkan ti fi màrìwò so ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn ìyá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan omi yẹn, ojú rẹ̀ máa rí nǹkan. A padà sí odò wa.

O lè máa rò pé èmi tí mo kàwé á ti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ti kọ́ wa nílé pé inú omi odò ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá, mo sì mọ ibi tí àwọn ọmọ abúlé ń yàgbẹ́ sí, òkè odò náà ni. Ìwé tí mo kà sọ fún mi pé omi ẹ̀rọ dára. Ojú mi sì sọ fún mi pé ẹni tó gbé e wá kọ̀ láti mu ún. Mo fi àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ojú mi ló tẹ̀wọ̀n jù. Ìyá á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo ẹ̀rọ náà, wọ́n á ní, "Páńsá ò fura, páńsá já sí iná, àjà ò fura, àjà jìn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ èmi àti wọn ṣọ̀kan.

Ohun tó tún wá mú kí ara fu mi ni pé ọkùnrin náà ò yéé wá. A ti kọ omi rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fún un ní àga, síbẹ̀ ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, yóò wo ẹ̀rọ, yóò kí àwọn tí kò dá a lóhùn, yóò sì dúró títí ọ̀kadà yóò fi wá gbé e. Kí ló ń wá? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, mo ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ní òun nìkan, mo sì rọra fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tú màrìwò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó yọ nǹkan dúdú kékeré kan, ó jù ú sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló fa omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbè é, ó sì mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àárọ̀.

Mo ní ó tán! Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń lò kí omi náà má bàa pa á ló kọ́kọ́ jẹ yẹn. Mo já jáde sí i, mo ní, "Kí lẹ fi sẹ́nu?"

Ó fò sókè. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó la ọwọ́ rẹ̀ kejì hàn mí. Ó ní, "Dàbínù ni, mà. Ẹ gbà, ẹ jẹ."

Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan sí i. Ó jẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ààwẹ̀ lòun gbà, pé òun máa ń gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, pé ọjọ́ Ajé kúkú ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ yẹn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ lójú baálẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ààwẹ̀ dandan, mà. Àárín èmi àti Ọlọ́run ni. Bí mo bá ń polongo rẹ̀ káwọn èèyàn lè gbà mí gbọ́, ta ni mo wá ń gbà á fún?"

Inú bí mi, mo sì káàánú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá, wọ́n mi orí títí. Wọ́n ní, "Èmi náà ń gba ààwẹ̀, ìjọ wa ò sì kéré nínú ààwẹ̀ gbígbà. Àmọ́ bí mo bá gbé oúnjẹ fún àlejò, màá fi ìka kàn án, Ọlọ́run á sì dárí jì mí." Wọ́n tún ní, "Ìwọ rí inú dàbínù ọ̀hún?"

Mo rọ wolé-wolé pé kó wá lọ́jọ́ tí kò gba ààwẹ̀. Ó wá lọ́jọ́rú, ó bẹ baálẹ̀ kó pe ènìyàn jọ, ó sì mu omi náà lójú gbogbo wa, ife lórí ife, títí tí inú rẹ̀ fi yọ síta lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó dúró, ó ń retí. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn wá sọ ọ́ síta pé, "Ó ti lo ẹ̀rọ̀ kó tó wá. Kí ló dé tí kò mu ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú ká. Mo rí ojú ọmọkùnrin náà, ó jọ ojú ẹni tó wá san gbèsè tí wọ́n sì kọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó lọ, ó yà sílé wa, ó fún mi ní sáṣẹ́ẹ̀tì iyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó ní òjò ti ń dé, kí n má fi ṣeré.

Òjò dé lóòótọ́. Ó rọ̀ débi pé afárá tó wà lójú ọ̀nà lọ, ọ̀kadà ò lè wọlé, ọkọ̀ tó máa ń gbé píọ̀wọ́tà wá sí ṣọ́ọ̀bù abúlé ò sì wá mọ́. Odò kún, ó pupa bí epo. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, omi lásán ni, kò sì dáwọ́ dúró. Kí oòrùn tó ga, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sunkún títí kò lómijé mọ́. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò lágbára àtifà á. Ìyá ti gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Mo gbìyànjú láti se omi odò, àmọ́ igi ìdáná ti rin gbindin, èéfín nìkan ló ń rú. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò fi lè dúró lójú kan. Mo gbé kẹ́tùrù, mo wọ inú òjò lọ síbi ẹ̀rọ, mo já màrìwò dànù, mo sì fa omi náà.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyá rí ohun tí mo gbé. Mo po iyọ̀ náà sínú rẹ̀ bí wolé-wolé ṣe ní kí n ṣe é. Òórùn oògùn ti dín kù lára omi náà, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ, tàbí mo rò pé mò ń gbọ́ ọ. Mo ti fi ojú ara mi rí i pé ọkùnrin náà mu ún tí kò sì kú, síbẹ̀ mi ò lè gbé ife náà sí ọmọ mi lẹ́nu. Ó rọrùn láti gbàgbọ́ nígbà tí kì í bá ṣe ọmọ ẹni ló fẹ́ mu ún. Mo ní màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo gbé ife náà sókè, kó tó kan ètè mi ni Ìyá já a gbà.

Mo rò pé wọ́n fẹ́ dà á nù ni. Mo pariwo, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́!" Wọ́n gbé ife sẹ́nu, wọ́n mu, wọ́n mu, ọ̀fun wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n nu ẹnu, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi gbé sórí itan. Wọ́n ní, "Dúró." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ wọn kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti ẹsẹ àkọ́kọ́ dé ẹsẹ ìkẹyìn, wọ́n sì ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni tó ń retí kó yí àwọ̀ padà. Mi ò mọ orin tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tó parí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Gbé ṣíbí wá."

A fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń pọ̀ ọ́, a tún ń fún un. Ó ti di ọ̀sán gangan nígbà tí mo gbọ́ tí Ìyá kígbe "Halelúyà!" Mo sáré wọlé. Ọmọ náà ló tọ̀ sára wọn, ìtọ̀ gidi, ó rin ìró wọn dé orúnkún. Mi ò rò pé ẹnì kankan ti yọ̀ báyẹn rí torí pé wọ́n tọ̀ sí i lára. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún, Ìyá sì ń gbé ìró náà sókè kí n lè rí i dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé wa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ń lọ sóko, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé àdá. Ìròyìn ti tàn ká: Ìyá Àdúrà tó mu omi ẹ̀rọ ni wọ́n wá wò. Ìyá ń gbálẹ̀ ní tiwọn, wọn ò wojú ẹnì kankan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, korobá ti tò síbi ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀nà là tí wolé-wolé padà wá, tó rí àwọn ènìyàn tó ń fa omi tí wọ́n sì ń jà nítorí ipò, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó rò pé ife lórí ife tí òun mu lọ́jọ́rú yẹn ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún un.

Mo ti ronú lórí rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin náà mọ̀ pé omi náà dára, ó sì mu ún láìbẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí mímu rẹ̀ kò fi já mọ́ nǹkan lójú wa. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà la ń wò. Látìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bú àwọn ará oko pé olóríkunkun ni wọ́n, mo máa ń dákẹ́ ni. Ìfura loògùn àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí wọ́n ti fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ rí, ó nídìí tó fi ń wo ọwọ́ àlejò.

Adégbayì ní Ìbàdàn là ń gbé báyìí. Nígbà tí Ìyá wá kí wa kẹ́yìn, a jókòó, a ń bó ẹ̀gúsí, mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó ti wà nínú mi tipẹ́. Mo ní, "Ìyá, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ti gbà pé omi náà dára ni?"

"Rárá o."

"Ẹ rò pé ó lè ṣe yín ní nǹkan?"

Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mo rò pé yóò pa mí."

"Kí wá ló dé tí ẹ mu ún?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò yára lóye. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ti gbé e sẹ́nu. Èmi ti dàgbà. Bí ìwọ bá kú, ta ni yóò jẹ́ ìyá fún ọmọ yẹn? Ta ni yóò sì jẹ́ ọmọ fún mi?" Wọ́n tún mú ẹ̀gúsí mìíràn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣọ́ obìnrin yìí, tí mò ń wá ibi tí ìkórìíra rẹ̀ yóò ti yọjú, ó ti fi ẹ̀mí tirẹ̀ wewu kí tèmi má bàa lọ.